Àmì Tí Ìgbín Rí Lára Ògiri Alàájì

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ọ̀wọ̀ ni mo ti máa ń wo ohun tí wọ́n ń sè ní Òkèlúsè. Lọ́jọ́ kan, mo rí ìyá kan níbẹ̀ tó fẹ́ da iyọ̀ sínú ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti gbàgbé pé òun ti kọ́kọ́ fi sí i. Mo pariwo láti ibi tí mo jókòó sí, mo ní, "Ìyá, ó ti tó o!" Ìyá náà gbọ́ mi. Ó gbójú sókè, ó wo ọ̀gangan Ọ̀wọ̀, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì dé iyọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wọ mọ́tò lọ sí Òkèlúsè, kó lọ tọ́ ọbẹ̀ wọn wò. Iyọ̀ ibẹ̀ ṣe déédéé títí di òní.

Awò ni mo fi rí i. Kì í ṣe awò tí wọ́n ń fi kàwé o. Mo ní ìyẹn náà, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kan ti kán, òwú ni mo fi so ó mọ́ etí. Awò olójú méjì ni mò ń sọ, irú èyí tí àwọn sójà Jámánì fi ń ṣọ́ ọ̀tá wọn nígbà ogun àgbáyé. Mo ti ń kó o jọ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ ìjọba. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó fẹ̀yìn tì ra ewúrẹ́, àwọn mìíràn di àgbà ìjọ. Èmi ra ojú kún ojú.

Ìwé mi kò jìnnà. Mo kà débi tí mo fi lè ka orúkọ ìlú lára pátákó ojú ọ̀nà, ìyẹn sì tó awakọ̀. Ẹ má retí gírámà lọ́dọ̀ mi. Ẹ má sì retí pé n ó kọ ọ́ bí àwa ará Ọ̀wọ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ láàrin ara wa, nítorí bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ará Ìbàdàn á ju ìwé náà sílẹ̀ kó tó dé ìdajì.

Ẹrù tòkunbọ̀ ló ń gbé àwọn awò náà wọlé. Bàbá arúgbó kan kú nílùú Jámánì, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ kó àjà ilé rẹ̀ dà síta, wọ́n di í mọ́ fíríìjì àti kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ó sì di èrò Áfíríkà. Oníṣòwò tòkunbọ̀ kan wà lọ́nà Ìkàrẹ́ tó ti mọ ìwà mi. Ohun yòówù tó bá jẹ́ irin tó sì ní dígí lẹ́nu, á pè mí lórí fóònù, á ní, "Bàbá, àwọn ará Jámánì yín ti dé o. Ẹ wá mú wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ogun nínú ṣọ́ọ̀bù mi."

Òun ló kọ́kọ́ ṣàlàyé lẹ́tà ara wọn fún mi. Lásìkò ogun, wọn kì í kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe awò sí i lára, kí ọ̀tá má bàa mọ ibi tí wọn yóò lọ ju bọ́ǹbù sí. Lẹ́tà kéékèèké mélòó kan ni wọ́n ń kọ dípò rẹ̀, tí kò jọ ọ̀rọ̀ kankan. Mo fẹ́ràn àwọn lẹ́tà yẹn púpọ̀. Nínú gbogbo ìwé tó wà láyé, òun nìkan ni èmi àti ọ̀mọ̀wé lè jọ wò tí kò ní yé àwa méjèèjì.

Mo sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó kéré jù, tó ṣeé fi kọ́ ọrùn, ni Ológoṣẹ́. Òun ni mo máa ń mú lọ sí oko mi ní Ẹlẹ́gbẹka, láti wo ọ̀bọ tó bá wọ inú àgbàdo kó tó rí mi. Èyí tó wúwo jù ni Àgbò. Wọ́n fi ń wá ọkọ̀ òfurufú lójú sánmà ni, nítorí náà wọ́n tẹ ojú tí èèyàn ń yọ́ wò ó wá sísàlẹ̀: ẹ ó tẹrí ba bí ẹni tó ń kí ọba, síbẹ̀ òkè lẹ ó máa rí. Ẹ̀yìn ọrùn kì í dun èèyàn rárá. Mo ti fi Àgbò wo ẹyẹ àwòdì tó ń fò lókè Ìmẹ̀rí, mo sì rí i pé inú ń bí i.

Ìyẹn pọ̀ díẹ̀. Inú kò bí i tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀tá àwọn awò wọ̀nyí nílẹ̀ wa ni èbu. Bí ẹ bá gbé wọn kalẹ̀ lásán lásìkò òjò, èbu á hù sínú dígí wọn bí òwú aláǹtakùn, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan mọ́ àfi kùrukùru. Nítorí náà, inú ike ọ̀dà onídèérí ni mò ń kó wọn sí, tí mo ti da ìrẹsì gbígbẹ sísàlẹ̀ rẹ̀ kó lè máa fa omi. Ìyàwó mi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà.

"Bàbá," á wí, "ìrẹsì tí à bá sè, ẹ fi ń bọ́ ará Jámánì."

"Wọn kì í jẹ ẹ́ tán," mo máa ń dá a lóhùn. "Bí ebi bá pa wá, a ó gbà á padà."

"N ò jẹ ìrẹsì tó ti gbọ́ òórùn sójà."

Ẹni kejì tí awò wọ̀nyí kàn ni ọ̀rẹ́ mi, Alàájì. Télọ̀ ni, àárín ìlú ló ń gbé, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ló wà níwájú ilé, òun àti ìdílé rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ọjọ́ kan náà la wọ ilé ìwé, ọjọ́ kan náà ni wọ́n lé wa kúrò. Òun ló ń fún mi ní àjákù aṣọ rírọ̀ tí mo fi ń nu dígí, òun náà ló sì ń fi kánfáàsì rán ẹ̀wù fún awò kọ̀ọ̀kan. Ilé mi wà létí òkè. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ẹ ó rí òrùlé páànù Alàájì àti ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ tó kùn ní àwọ̀ ìyeyè.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yìí ni mo ti ń tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá wá wọn aṣọ á jókòó, èmi náà á jókòó, n ó sì sọ ohun tí awò mi ṣe. Ohun tó dùn mọ́ wọn jù ni èyí: mo ní awò Jámánì kì í wo ohun tó wà nìkan, ó ń wo ohun tó ń bọ̀. Mo tiẹ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn. Sójà tó bá ń wo ibi tí ọ̀tá wà ti pẹ́ jù, torí pé kí ọta ìbọn tó dé ibẹ̀, ọ̀tá ti kúrò. Ibi tí ọ̀tá máa wà ló yẹ kó rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn Jámánì fi ṣe awò tó ń ríran síwájú. Ẹ wò ó bí ó ṣe bọ́gbọ́n mu tó! Èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ kan tí oòrùn ń ràn gan-an, mo pe Alàájì lórí fóònù pé kó ká aṣọ oníbàárà rẹ̀ tó sá síta, pé mo ti rí òjò nínú Àgbò. Mo fẹ́ fi í ṣeré ni. Ó ká a, ó ń bú mi. Kò pẹ́ tí òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ya sánmà. Láti ọjọ́ yẹn ni Alàájì kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́ bí mo bá ń sọ̀rọ̀ awò.

Ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ kan wà lórí ẹ̀mí gbogbo òpópónà Alàájì. Àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ti wá. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn kalẹ̀, wọ́n yọjú wò ó, wọ́n na ọwọ́ síra wọn láti ìkòríta kan dé èkejì, wọ́n mu omi inú ọ̀rá, wọ́n sì lọ. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọn kò fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé kankan. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí àmì pupa túmọ̀ sí: ìjọba fẹ́ fẹ ọ̀nà, katakata tí wọ́n fi ń wó ilé ń bọ̀, kí onílé tètè kó ẹrù. Ní òpópónà mìíràn nínú ìlú, tí wọ́n ti sàmì tẹ́lẹ̀, àwọn onílé kan ti fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Nítorí náà, dídákẹ́ tí àwọn awọnlẹ̀ wọ̀nyí dákẹ́ kò fún ẹnikẹ́ni ní oorun. Alàájì ti ń rìn yí ilé rẹ̀ po ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó ń wo ògiri. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà. Kò ní òmíràn.

Àsìkò yẹn ni Ìgbín dé.

Oníṣòwò ọ̀nà Ìkàrẹ́ kò mọ ohun tó jẹ́, ó rò pé ara ẹ̀rọ ìfami ni. Nígbà tí mo rí i, mo mọ̀ pé awò ogun ni. Ọ̀pá irin méjì ló ní, tó yọ sókè bí ìwo ìgbín, ojú sì wà lórí ìwo kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ ni èèyàn á ti yọ́ wò ó. Sójà á fara pamọ́ sínú kòtò, orí rẹ̀ ò ní hàn, ìwo méjèèjì nìkan lá yọ sókè láti máa wo ọ̀tá. Wọ́n tún lè ya ìwo náà sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó na apá. Bí ẹ bá yà wọ́n bẹ́ẹ̀, igi tó wà lókèèrè á yọ kúrò lára èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ewé á dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé kí ẹ na ọwọ́ kí ẹ já a. Ojú méjèèjì ni èèyàn fi ń gbádùn ìyẹn o.

Èmi kò ní méjèèjì. Ojú ọ̀tún mi ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, awọ funfun kan ti bò ó. Dókítà ní kí n wá kí àwọn ṣí i, mo ní kó jẹ́ kó sinmi, ó ti ṣiṣẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, wọ́n sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin olójú kan ló ń kó awò olójú méjì jọ. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ìdí tí mo fi ń kó o jọ gan-an nìyẹn.

Mo gbé Ìgbín sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ránṣẹ́ pe Alàájì pé kó wá wọn ẹ̀wù fún un. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó fi yí ìwo Ìgbín ká.

"Èyí kì í ṣe awò," ó ní. "Èwo nínú rẹ̀ ni ọrùn? Níbo ni n ó fi apá rẹ̀ sí?"

"Yọjú wò ó ná. Mo ti kọjú rẹ̀ sí ilé rẹ."

Ó tẹrí ba, ó yọjú. "Yé! Mo rí ìṣó òrùlé mi. Páànù tó wà ní igun yẹn ti ń ṣí."

"Ẹni tó rí ìṣó kò tíì rí nǹkan. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ sí ara ògiri."

Mo yí i fún un. Ó lẹ ojú mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ta ló kọ àgbélébùú sí ara ògiri mi?"

"Àgbélébùú wo?"

"Ó wà láàrin ògiri gan-an. Àbí ẹ̀yin ará Áńgílíkà ti fẹ́ sọ ilé mi di ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi ojú òsì mi wò ó. Ògiri Alàájì mọ́ tónítóní, bí aláǹgbá bá rìn lórí rẹ̀ n ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, ojú rẹ ni kò dá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ó padà yọjú. "Ó wà níbẹ̀! Ìlà kan dábùú, ìkan dúró. Ó ní àwọn ìlà kéékèèké lára. Ó tún ní..." Ó nàró. "Ó ní nọ́ńbà."

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn ló bà á jẹ́. Àmì ìjọba máa ń ní nọ́ńbà. Kò wọn ẹ̀wù kankan mọ́. Kò tiẹ̀ kí ìyàwó mi kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ, téèpù rẹ̀ ṣì wà lára Ìgbín.

Nígbà tó délé, ó pè mí. "Mo dúró ti ògiri báyìí. Mò ń fi ọwọ́ pa á. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀."

"Ṣé mo sọ fún ọ àbí n ò sọ?"

Mo gbọ́ bí ó ṣe ń fi ọwọ́ lu ògiri náà. Lẹ́yìn náà ló sọ jẹ́jẹ́ pé, "Á jẹ́ pé èyí tó ń bọ̀ ni," ó sì pa á.

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé mi. Mo jẹun, mo sùn. Ní òwúrọ̀, ìyàwó mi ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró, ó na ìgbálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkè.

"Bàbá, ẹ wá wo ilé Alàájì. Kí ni wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀?"

Mo fi Ìgbín wò ó. Kápẹ́ńtà kan wà lórí òrùlé, ó ń fa ìṣó yọ. Páànù mélòó kan ti wà nílẹ̀. Alàájì fúnra rẹ̀ wà lórí àkàbà, ní ọjọ́ orí rẹ̀ yẹn, ó ń gba páànù lọ́wọ́ kápẹ́ńtà. Mo gbé Ìgbín sókè díẹ̀, mo sì rí òjò tó ṣú dúdú lọ́nà Ìpẹ̀lé. Èyí kì í ṣe irọ́, kò sì nílò Jámánì kankan kí èèyàn tó rí i. Lábẹ́ òrùlé tí wọ́n ń ṣí yẹn ni máṣíìnì rẹ̀ wà, àti aṣọ oníbàárà, àti ìyẹ̀wù tí ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sí.

Mo dé fìlà, mo gun ọ̀kadà.

Nígbà tí mo débẹ̀, èrò ti ń pé díẹ̀díẹ̀. Mo di àkàbà mú nísàlẹ̀.

"Alàájì, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń kó páànù mi kí katakata tó dé. Bí wọ́n bá wó o mọ́ ọn, ó di àlòkù. Bí mo bá kó o, n ó fi kọ́ àtíbàbà sí ibi tí Ọlọ́run bá gbé mi sí."

"Ta ló sọ fún ọ pé katakata ń bọ̀?"

Ó wo ìsàlẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀. "Ìwọ ni. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní awò yẹn ń wo ohun tó ń bọ̀? Àmì kò sí lára ògiri mi lónìí. Ó wà lára rẹ̀ nínú awò. Ìjọba ti gbọ́n, wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ń fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Wọ́n ti sàmì sí i sílẹ̀, ó ku kó yọ."

"Èmi náà wò ó, n ò rí nǹkan kan!"

"Ojú mélòó lo fi wò ó?"

Àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà wọ inú mi lọ, ó sì jókòó síbẹ̀. Mo yọ fóònù, mo pe ìyàwó mi, mo gbé ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"Ìyá, lọ síbi Ìgbín. Ojú méjèèjì ni kó o fi wò ó. Wo ògiri Alàájì. Kí lo rí?"

A ń gbọ́ bí ó ṣe ń tẹ sálúbàtà lọ síbẹ̀. "Mo rí ògiri. Háà! Wọ́n ti kọ nǹkan sí i! Ó rí bí àgbélébùú."

"Ẹ gbọ́ ọ!" Alàájì pariwo látòkè. "Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀! Kápẹ́ńtà, máa yọ ọ́ lọ."

"Dúró ná! Ìyá, yí i díẹ̀. Wo ilé tó tẹ̀lé e."

"Ó wà lára ìyẹn náà."

Onílé ìyẹn wà láàrin èrò. Ó figbe ta.

"Èyí tó kọjá ìyẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó wà lára òpó iná. Ó wà lára ilé oníbúrẹ́dì. Bàbá, ó wà lára gbogbo rẹ̀!"

Kápẹ́ńtà dá òòlù dúró lórí òrùlé. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ó kígbe sí fóònù mi, "ẹ bá mi wo ilé onílẹ̀kùn búlúù tó wà lẹ́yìn ilé epo." Àwọn mìíràn náà ti ń na ọwọ́, kálukú ń júwe ilé tirẹ̀. Mo rò pé mò ń pa iná ni, àṣé epo ni mò ń dà sí i. Ọkùnrin kan ti ń bèèrè bóyá kápẹ́ńtà lè dé ilé òun lọ́sàn-án.

Nígbà náà ni ìyàwó mi sọ̀rọ̀ kan. Ó ní, "Ewúrẹ́ kan ń kọjá. Ó wà lára ewúrẹ́ náà."

"Ewúrẹ́ náà ń rìn?"

"Ó ń rìn. Bí mo bá yí Ìgbín tẹ̀lé e, àmì náà ń bá a lọ."

Ó wá yé mi. "Ìyá, kọjú rẹ̀ sí sánmà."

Ó pẹ́ díẹ̀. "Ó wà lójú sánmà."

Mo yíjú sókè sí Alàájì. "Ṣé o gbọ́? Ṣé ìjọba fẹ́ wó sánmà náà ni? Inú dígí ni àmì yẹn wà! Àwọn sójà ló ní in, wọ́n fi ń wọn ibi tí ọta máa balẹ̀ sí. Ojú ọ̀tún nìkan ni wọ́n fín in sí, ìyẹn ni èmi kò fi rí i rí."

"Bàbá," ìyàwó mi ṣì ń sọ̀rọ̀, "mo ti yí i padà sọ́dọ̀ yín. Ó wà ní ikùn Alàájì. Ó wà níwájú orí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè máa bọ̀ nílé kí wọ́n tó wó yín."

Èrò rẹ́rìn-ín, òpópónà mì. Onílé kejì mí kanlẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Alàájì kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Atẹ́gùn òjò ti ń fẹ́ agbádá rẹ̀ lórí àkàbà.

"Ewúrẹ́ á kú lọ́jọ́ kan," ó ní. "Ìwọ náà á kú, èmi náà á kú. Sánmà, Ọlọ́run á ká a lọ́jọ́ ìkẹyìn. Gbogbo ohun tó fi àmì sí ló máa lọ. Awò yẹn kò tíì purọ́. Ó rí òjò, òjò rọ̀. Ta ló sọ fún mi kí n ká aṣọ mi lọ́jọ́ yẹn?"

Mo wò ó. Mo wo òjò. Mo wo ihò tó wà lórí ilé bàbá rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà á wọlé sórí máṣíìnì. Mo rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tó lè dá páànù yẹn padà sókè àfi èyí tí n kò fẹ́ sọ.

Mo bọ́ sí àárín òpópónà, mo ṣí fìlà, mo gbóhùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ará ibí, irọ́ ni mò ń pa fún yín. Awò mi kò rí ọ̀la rí. Òjò ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ fi Alàájì ṣẹ̀fẹ̀ ni, òjò ló kàn bá mi ṣe é. N kò rí Òkèlúsè. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, n kò lè rí ju ìdí òkè kejì lọ, ọjọ́ tí kùrukùru bá sì wà n kì í rí ìyẹn. Irin àti dígí ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà fẹ́ràn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bù mọ́ ọn."

Alàájì wò mí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí kápẹ́ńtà, ó ní, "Kí lò ń wò? Kàn án padà!"

A kàn án. Gbogbo èèyàn tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n wo ilé tiwọn ló ń gbé páànù. Èmi ń na ìṣó sókè. Òjò dé nígbà tó ku igun kan, igun tí ìṣó rẹ̀ ti ń ṣí tẹ́lẹ̀, omi sì rọ́ sórí aṣọ ìyàwó kan tó máa lò ó lọ́jọ́ Sátidé. Alàájì fi áyọ́ọ̀nù gbẹ ẹ́, ó ní owó áyọ́ọ̀nù di ọrùn mi. Kápẹ́ńtà jókòó sábẹ́ òrùlé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ní òun kò tíì ṣe irú iṣẹ́ báyìí rí, kí òun yọ ilé kí òun sì tún un kọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn awọnlẹ̀ kò tíì padà wá. Ògiri Alàájì ṣì mọ́. Ó ti rán ẹ̀wù Ìgbín, ó sì dára, ó tiẹ̀ ṣe ọrùn sí i. Nígbà mìíràn ó máa ń wá sọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́, á fi ojú méjèèjì wo ìlú pẹ̀lú àmì yẹn láàrin rẹ̀, á sì máa sọ ohun tó rí fún mi, ìyẹn èyí tí ojú kan kò lè rí: bí ewé ṣe dúró síwájú ewé, bí ilé kan ṣe jìnnà sí èkejì. Mo gbà á gbọ́. Òun kì í bù mọ́ ọn.

Ó wá ku ibi tí mo ti fi tèmi kún ìtàn yìí. N kò bọ́ sí àárín òpópónà. N kò ṣí fìlà, n kò sì gbóhùn sókè. Àkàbà ni mo gùn, pẹ̀lú orúnkún mi tí kò dára, títí tí ẹnu mi fi dé etí Alàájì, mo sì sọ ọ́ síbẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Òun nìkan ló gbọ́. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ rò pé àdúrà ni mò ń gbà fún un. Títí di òní, bí oníbàárà bá bi Alàájì bóyá lóòótọ́ ni awò mi ń rí ohun tó ń bọ̀, á gé òwú tó wà lẹ́nu rẹ̀, á ní kí wọ́n lọ bi mí.